Ọdún Márùndínlógójì Tí Mo Fi Bẹ̀rù Sítáàṣì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń da iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe rò lọ́kàn, tí ẹ kò tíì mọ èyí tí ẹ óò mú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi fún yín bó ṣe rí gan-an. Sítáàṣì ni mo ṣe. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi sí aṣọ kó lè gan o. Ti oúnjẹ ni, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń yọ lára ẹ̀gẹ́, tí àwọn alásè ń pò mọ́ ọbẹ̀ kó lè ki, tí àwọn oníbisikíìtì náà ń lò. Bí ẹ bá ti jẹ ọbẹ̀ tòmátì kan tó ki dáadáa ní ìgboro Ìbàdàn yìí rí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹ ti jẹ iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe é, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè sá. Mo sọ ọ́ nítorí pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ kì í sábà mẹ́nu bà á. Wọ́n á ní kí ẹ nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yín. Èmi nífẹ̀ẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kọ́ ló jẹ́ kí n ṣe é dáadáa. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo ti ẹ̀rù mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ óò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, inú ìdílé Onítẹ̀bọmi. Nígbà tí mo parí ilé-ìwé girama, mo wá gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Agbowó. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ pé iléeṣẹ́ kan wà lẹ́yìn Challenge tí wọ́n ń wá obìnrin tí yóò máa bó ẹ̀gẹ́. Mo lọ ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gbà mí ní ọjọ́ Ajé. Ti owó oṣù rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bèèrè.

Àgbàlá gbọọrọ kan ni, wọ́n fi páànù bo apá kan. Ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ kan wà níbẹ̀, àti táǹkì sìmẹ́ńtì mẹ́rin, àti pèpéle gígùn kan tí a ń sá sítáàṣì sí nínú oòrùn. Alàgbà tó ni iléeṣẹ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ wá. Olórí iṣẹ́ ni Bàbá Múfútáù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgbọ̀nwọ́, tí èékánná rẹ̀ sì máa ń mọ́ bí ti dókítà. Bàbá Múfútáù kì í pariwo. Ohùn wọn kì í lọ sókè rárá, ohun tó sì ń dẹ́rù bà wá jù nípa wọn nìyẹn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, mo ti bó ẹ̀gẹ́ kún apẹ̀rẹ̀ kan, inú mi sì ń dùn sí ara mi. Bàbá dé, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀.

“Ọjọ́ wo ni wọ́n hú èyí?”

“Mi ò mọ̀, Bàbá.”

“O ò mọ̀, o sì ń bó o?”

Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ náà, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nídìí ògiri. Ojú tì mí, omi bọ́ lójú mi. Wọn ò bẹ̀ mí. Wọ́n ní, “Ẹ̀gẹ́ tó bá ti ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn tí wọ́n hú u, kì í ṣe tiwa mọ́. Kó o tó bó ọ̀kan, kọ́kọ́ bèèrè. Lọ fọ ọwọ́ rẹ.”

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi bó ẹ̀gẹ́ tí mo sì fi fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n sún mọ́ táǹkì. Bí a ṣe ń ṣe é kò le láti sọ. A ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín. A ó wá pò ó mọ́ omi púpọ̀, a ó sẹ́ ẹ. Omi funfun tó bá jáde, a ó dà á sínú táǹkì, a ó fi sílẹ̀ kó silẹ̀. Bó bá ti silẹ̀, omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ á wà lókè, sítáàṣì á wà nísàlẹ̀. A ó da omi yẹn nù, a ó ha ẹ̀gbin tó bá wà lójú rẹ̀ kúrò, a ó tún bu omi tuntun sí i, a ó rò ó, a ó tún jẹ́ kó silẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì o. Lẹ́yìn ìyẹn la ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó kù ú.

Ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá rí lọ́jọ́ kan. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan já okùn, ó wọ ẹ̀yìnkùlé, ó mu nínú omi ràkọ̀ràkọ̀ tí a ń dà nù. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ewúrẹ́ náà ti wà nílẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Bàbá Múfútáù ní kí gbogbo wa fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí a wá dúró yí i ká. Mo fẹ́ gbójú kúrò.

“Ṣadé, wò ó,” ni wọ́n wí. “Wò ó dáadáa. Inú oúnjẹ la ti yọ omi tó mu yìí. Bí a bá fi sílẹ̀ nínú oúnjẹ, ènìyàn ni ì bá dùbúlẹ̀ báyìí.”

Ewúrẹ́ náà kú níṣojú wa. Lọ́jọ́ yẹn ni Bàbá sọ fún wa pé nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, ní abúlé kan lọ́nà Òkè-Ògùn, ìyàn mú. Ìdílé kan kò lè dúró kí ẹ̀gẹ́ kíkorò wọn rọ nínú omi kó sì kan. Wọ́n fún omi rẹ̀ dànù kíá, wọ́n rò ó, wọ́n jẹ ẹ́. “Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n gbé jáde nínú ilé náà,” ni wọ́n wí. “Mo wà lára àwọn tó gbẹ́lẹ̀.” Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kọ́ mi ní ohun tí ìwé ò kọ́ mi. Sítáàṣì tó dára, bí ẹ bá fi ìka méjì ra á, á máa dún bí ìgbà tí ìka ń yọ̀ lára àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí kò bá dún, nǹkan mìíràn ti wọ inú rẹ̀. Bí òórùn rẹ̀ bá kan, omi rẹ̀ pẹ́ jù nínú táǹkì. Wọ́n máa ń di ojú mi, wọ́n á gbé abọ́ mẹ́ta síwájú mi, wọ́n á ní kí n sọ èyí tó bàjẹ́. Bí mo bá ṣì í, mo padà sídìí ẹ̀gẹ́ bíbó fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ṣì í lọ́pọ̀ ìgbà. Mo máa ń sùn, ìka mi á máa ra ara wọn lójú oorun.

Ọdún ń lọ, irinṣẹ́ ń yí padà. Wọ́n wó táǹkì sìmẹ́ńtì, wọ́n gbé táǹkì onírin tí kì í dípẹtà wá. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná dé, a ò sì sá sítáàṣì sí oòrùn mọ́ níbi tí eruku títì Challenge ti ń bà lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ oúnjẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n á wo omi kànga wa, wọ́n á wo ìwé àyẹ̀wò ara wa lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n á ní kí a fi nọ́ńbà sára àpò kọ̀ọ̀kan kó lè hàn ọjọ́ tí a ṣe é, kí a sì kọ orúkọ ẹni tó rà á. Wọ́n tún ní kí a máa bu díẹ̀ pamọ́ nínú gbogbo èyí tí a bá ṣe. Àwọn kan lára wa ń kùn. Bàbá Múfútáù kò kùn. Wọ́n ní, “Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ìjọba bá fẹ́ bá wa ṣọ́ ọ, ẹ fún wọn ní àga.”

Wọ́n rán mi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bébà àyẹ̀wò àti oògùn inú ìgò yẹ sítáàṣì wò. Nígbà tí orúnkún Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró mọ́, wọ́n padà sílé wọn ní Òjóò, èmi sì ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Láìsí ìfọwọ́sí mi, àpò kan ò gbọdọ̀ jáde ní géètì.

Àárín ìgbà yẹn náà ni Alàgbà kú, ọmọ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Tóyè, sì gba iléeṣẹ́. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni o. Ó máa ń kí wa, ó sì kọ́ ilé ìyàgbẹ́ tuntun fún wa. Ìṣòro rẹ̀ ni pé sítáàṣì tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun funfun ju tiwa lọ, àwọn oníbàárà sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ sí i létí. Ló bá lọ ra lẹ́búlẹ́bú kan tó ń mú sítáàṣì funfun báláú. Oògùn funfun la máa ń pè é. Òórùn rẹ̀ dà bí ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Òfin gbà kí a lò ó, ṣùgbọ́n bíńtín ni, nítorí pé ó lè dí èémí mọ́ ẹni tó bá ní asímà nínú, ìyẹn ikọ́ tí í há ènìyàn láyà. Mo ka ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. A ra òṣùwọ̀n kékeré kan nítorí rẹ̀, mo sì máa ń wọ̀n ọ́n fúnra mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, òṣùwọ̀n náà bàjẹ́. Bébà àyẹ̀wò náà tán, a ti ránṣẹ́ rà á l'Ékòó, kò tíì dé. Ọkùnrin tó ń po oògùn náà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ fi ife bù ú. Mo rí i. Sítáàṣì náà jáde, ó funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń ta sí ni lójú. Mo ra á, ó dún lọ́wọ́. Mo gbóòórùn rẹ̀, òórùn ìṣáná yẹn wà níbẹ̀, kò sì pọ̀. Ọkọ̀ tó fẹ́ kó o ti wà ní géètì, awakọ̀ ń fọn fèrè.

Ọ̀gbẹ́ni Tóyè wá bá mi. “Àǹtí Ṣadé, kí la ń dúró dè?”

“Ọ̀gá, bébà ò tíì dé. Mi ò mọ bí oògùn yẹn ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀.”

“Àǹtí mi, ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì. Ṣé ẹ ò lè fi ojú wò ó ni? Ta ló tún mọ sítáàṣì jù yín lọ ní Ìbàdàn yìí?”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Inú mi ń sọ fún mi pé rárá, síbẹ̀ mo fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ náà jáde. 

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni bébà àyẹ̀wò dé, mo gbà á lọ́wọ́ awakọ̀ ní gáréèjì Challenge. Mo bu díẹ̀ lára èyí tí a fi pamọ́, mo pò ó, mo ki bébà bọ̀ ọ́. Àwọ̀ tó yọ kò sí lára àwọn àwọ̀ tó wà lẹ́yìn páálí rẹ̀. Ó ti kọjá gbogbo wọn. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Mo pààrọ̀ omi, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. 

Mo gbé bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Tóyè. Ó wò wọ́n, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Kò sí ẹnìkan. Àmọ́, Ọ̀gá, ó ti jáde.”

“Ẹ jẹ́ ká fọkàn balẹ̀. Wọ́n á sè é. Iná á lé oògùn yẹn jáde. Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Ṣadé, ẹ má pariwo.”

Mi ò pariwo. Mo jáde, mo ṣí ìwé tí a ń kọ orúkọ oníbàárà sí. Iléeṣẹ́ bisikíìtì kan ló kó èyí tó pọ̀ jù. Mo fóònù wọn, wọ́n ní àwọn ò tíì ṣí àpò kankan. Mo ní kí wọ́n má ṣí i. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù. Ìyá Bísí, tó ń dáná fún ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Agbowó, ti fi takisí gbé ààbọ̀ àpò lọ lánàá. Mo mọ̀ ọ́n. Sítáàṣì wa ló fi máa ń mú ọbẹ̀ tòmátì ki fún àwọn ọmọ. Mo pe fóònù rẹ̀, kò wọlé. Mo tún pè é. Kò wọlé.

Mo bọ́ síta, mo wọ takisí. Mo ní kí awakọ̀ má gbé ẹlòmíràn, kó máa lọ sí Agbowó. Láti Challenge dé Agbowó, mi ò mọ ohun tí mo rí lọ́nà. Mò ń ka wákàtí. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ làwọn ọmọ máa ń jẹun. Nígbà tí a dé Mọ́kọ́lá, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ̀ sì dì. Mo ń gbàdúrà, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ewúrẹ́ yẹn ni mò ń rí.

Nígbà tí mo wọ ọgbà ilé-ìwé náà, mo gbọ́ ariwo ṣíbí. Wọ́n ti ń jẹun. Sùpàgẹ́tì àti ọbẹ̀ tòmátì ni, ọbẹ̀ náà ki, ó ń dán, ó rẹwà.

Mo kígbe, “Ìyá Bísí, ẹ gba abọ́ lọ́wọ́ wọn!”

Ó yíjú sí mi pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. “Àǹtí Ṣadé, kí ló dé? Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Àwa ni. Sítáàṣì yẹn ò dára. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn!”

Àwọn tíṣà sáré jáde, a ń já abọ́ gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, àwọn míì ń sunkún nítorí ebi. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní nǹkan kan. Àwọn méjì ní inú ń run àwọn. Mo ti ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi nígbà tí tíṣà kan pè wá láti igun yàrá.

Ọmọbìnrin kékeré kan ni, Mọyọ̀ lorúkọ rẹ̀, kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀. Bó bá fẹ́ mí, ohun kan á máa dún súfèé nínú àyà rẹ̀. Ó ń wò mí, kò lè sunkún, nítorí pé ẹkún náà ń fẹ́ èémí.

“Ó ní asímà,” ni tíṣà wí. “Ìyá rẹ̀ gbàgbé oògùn tó máa ń fà sẹ́nu sílé.”

Mo gbé e. Takisí tó gbé mi wá kò tíì lọ. Ìyá Bísí bá mi wọ ọkọ̀, a forí lé ilé ìwòsàn kan ní Bódìjà. Mo gbé ọmọ náà jókòó tààrà lórí ẹsẹ̀ mi nítorí pé bó bá fẹ̀yìn tì, ó máa ń burú sí i. Mo ń wo èékánná rẹ̀. Ó ń dúdú díẹ̀ díẹ̀. Súfèé inú àyà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan, mo rò pé ó ń sàn. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé kò sí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti súfèé mọ́ ni.

Dókítà gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. “Kí ló jẹ?”

Fóònù mi ń dún nínú àpò. Mo mọ̀ pé Ọ̀gbẹ́ni Tóyè ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi lè lọ, wọ́n sì lè tì mí mọ́lé. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n lè máa wá ohun tí kò sọnù.

“Sítáàṣì ló wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀,” ni mo wí. Mo dárúkọ oògùn náà bó ṣe wà nínú ìwé. “Ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí i.”

Dókítà wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì wọlé.

Ìyá ọmọ náà dé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti bọ́ sọ́nà. Ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Bísí, Ìyá Bísí yíjú sí mi. Obìnrin náà wá dúró níwájú mi.

“Ẹ̀yin lẹ ṣe é?”

“Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́.”

Kò lù mí. Ì bá sàn kó lù mí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ń sọ pé, “Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní. Ọ̀kan ṣoṣo ni.” Ó ń wí i láìpariwo, bíi pé ó ń ṣàlàyé nǹkan fún mi. Wákàtí méjì la fi wà bẹ́ẹ̀, èmi lórí bẹ́ǹṣì, òun nílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, àwa méjèèjì á yíjú síbẹ̀.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní, “Ìyá Mọyọ̀, ọmọ yín ń bèèrè omi.” Obìnrin náà dìde, ó wọlé.  Mo sunkún níbẹ̀ títí awakọ̀ takisí fi wá wò mí.

Ọmọ náà yè. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Àwọn méjì tí inú ń run, dókítà wò wọ́n, wọ́n sì lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Dókítà fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba létí, wọ́n dé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti iléeṣẹ́ pa, wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ géètì. Wọ́n bi mí léèrè ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Tóyè ti bẹ̀ mí pé kí n sọ pé òṣùwọ̀n ló tàn wá jẹ. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Mo ní òṣùwọ̀n ti bàjẹ́, a mọ̀ pé ó bàjẹ́, mo sì fọwọ́ sí i. Fún oṣù mẹ́rin, kò sí iṣẹ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í kí mi bí a bá pàdé ní Ring Road. Ẹnìkan sọ lójú mi pé bí mo bá ti dákẹ́ ni, gbogbo wa là bá ṣì máa jẹun. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń dúró kí ọlọ́pàá wá kan ilẹ̀kùn mi.

Mo lọ bá Bàbá Múfútáù ní Òjóò. Wọ́n jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà wọn, ọ̀pá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo retí kí wọ́n ní kí n padà sídìí ẹ̀gẹ́ bíbó. 

“Ìgbà tó o fẹ́ fọwọ́ sí i, ṣé ẹ̀rù bà ọ́?”

“Ó bà mí gan-an, Bàbá.”

“Bí ẹ̀rù ò bá bà ọ́ ni, ǹ bá ní o ò mọ̀. Ẹ̀rù bà ọ́, o sì fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi rẹ wà, má wá a síbòmíràn.” Wọ́n na ọ̀pá wọn sí àga kan. “Dìde nílẹ̀. Ṣé o ti jẹun?”

Wọ́n bu owó ìtanràn lé iléeṣẹ́, wọ́n sì ṣí i padà. Òṣùwọ̀n di méjì. Oògùn funfun wọ inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ènìyàn méjì ló sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Mo rò pé wọ́n á lé mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ní kí wọ́n má lé mi, wọ́n ní ẹni tó ti sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣeé bá ṣiṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Tóyè gbà, ṣùgbọ́n kò pè mí ní Àǹtí mi mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo tún lò. Ní gbogbo rẹ̀, mi ò fọwọ́ sí àpò kan tí mi ò yẹ̀ wò. Mo máa ń lọ kí Ìyá Mọyọ̀ ní ọdọọdún. Nígbà míì ó máa ń ní kí n wọlé, nígbà míì a ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Kẹ́mi ló wà níbẹ̀ báyìí, ọmọbìnrin kan tó kàwé jù mí lọ jìnnà. Èmi ni mo kọ́ ọ fún ọdún méjì, mo sì le sí i. Ní ọjọ́ tí mo ń kó ẹrù mi, ó bi mí pé, “Mà, ìgbà wo ni ẹ̀rù yìí máa ń lọ?” Mo fi kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn funfun lé e lọ́wọ́.

Oṣù tó kọjá ni fóònù mi dún lọ́sàn-án. Kẹ́mi ni. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Mà, wọ́n gbé sítáàṣì kan jáde. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ó dára, bébà ní kò dára. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá wà lórí mi, ọkọ̀ wà ní géètì. Mi ò mọ èyí tí mo máa gbà gbọ́.”

“Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?”

“Ó ń bà mí gan-an, mà.”

“Má fọwọ́ sí i.”

 Kò pa fóònù náà. Mo gbọ́ ohùn Ọ̀gbẹ́ni Tóyè lókèèrè, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo ti dìde dúró nínú pálọ̀ mi láì mọ̀. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ Kẹ́mi, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́: “Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Mi ò lè fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí iléeṣẹ́ àyẹ̀wò kan kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni èsì rẹ̀ fi pẹ́. Ọkọ̀ náà ti bá tirẹ̀ lọ, oníbàárà ti bínú. Ó tún pè mí, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n ọ́n.

“Mà, sítáàṣì náà dára. Bébà yẹn ló ti pẹ́ jù. Mo dá gbogbo wọn dúró lásán.”

“Kò burú,” ni mo wí. “Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, tún dá wọn dúró.”

 Ó ní, “Ó dáa, mà.” Mo gbọ́ tó gbé fóònù kalẹ̀ láì pa á, tó ń pe ẹnìkan kó bá a gbé òṣùwọ̀n wá.